Onídùúró fún Ìyàwó Mi

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi gbé mi dé iwájú yìí lónìí. Ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, ni mo máa ń jókòó sí. Ọ̀pọ̀ yín ò mọ̀ mí. Akin ni orúkọ mi, èmi ni mo máa ń tún fíríìjì àti fírísà ṣe ní Okokomaiko. Ó ti lé lọ́dún méje tí mo ti ń jọ́sìn níbí, mi ò sì jẹ́rìí rí. Wọ́n ní kí n má pẹ́. Màá gbìyànjú.

Ẹ̀yin àgbà ìjọ mọ̀ pé Bùkọ́lá, ìyàwó mi, kú ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ọjọ́ Sátidé ló ní orí ń fọ́ òun, nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, ó ti parí. Ìjerò-Èkìtì la gbé e lọ sin, lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Pásítọ̀ àti àwọn màmá mẹ́ta bá mi lọ, Ọlọ́run á san án fún yín. A ò bímọ. Nígbà tí mo dé láti Ìjerò, èmi nìkan ni mo ṣí ilẹ̀kùn, èmi nìkan ni mo tì í.

Mi ò mọ bí ẹlòmíì ṣe ń ṣe é. Èmi ò lè fi ẹnu mi sọ pé ó ti kú. Àwọn kọ́sítómà tí wọn ò gbọ́ á béèrè pé, "Ìyàwó ńkọ́?" Màá ní, "Wọ́n wà." Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo kó kúrò nílé tí à ń gbé ní Iba, mo gba yàrá kan, mi ò sọ ibi tí mo kó lọ fún ẹnikẹ́ni. Mo pa fóònù Bùkọ́lá, mo fi sínú báàgì rẹ̀, mo gbé báàgì náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Tí nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ bá pè mí, mi ò ní gbé e, torí àwọn tó ń pè nígbà yẹn, wọ́n fẹ́ bá mi kẹ́dùn ni, mi ò sì fẹ́ gbọ́. Tí mo bá se ìrẹsì, á pọ̀ jù, màá jẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí mo bá ti kúrò nínú ìsìn lọ́jọ́ Àìkú, ó di àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí mo bá dé ṣọ́ọ̀bù kí n tó tún gbọ́ ohùn ara mi.

Inú ipò yẹn ni mo wà tí iṣẹ́ ńlá fi dé. Alhaja kan tó ń ta ẹja dídì ní Ọ̀tọ̀-Àwórì, kọ́sítómà mi tipẹ́tipẹ́, ní òun fẹ́ kí n bá òun kọ́ yàrá tútù tí òun á máa kó ẹja sí. Ó ní òun á san ìdajì sílẹ̀, tó bá ti ń ṣiṣẹ́, òun á máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Mi ò rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Mo lọ sí Ọjà Àlàbá, mo béèrè iye tí wọ́n ń ta kọ̀mpírẹ́sọ̀ àti gbogbo ohun tí mo máa lò. Mo rí i pé ó ku mílíọ̀nù kan náírà tí mi ò ní. Bẹ́ẹ̀, àsìkò àtisan owó ṣọ́ọ̀bù ọdún yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó, onílé ti ní òun á fi kún un. Tí iṣẹ́ yẹn bá bọ́ lọ́wọ́ mi, ṣọ́ọ̀bù náà á lọ.

Mo gbéra, mo lọ sí báǹkì tí mò ń lò ní Iyana-Iba. Obìnrin tó ń bójú tó owó yíyá níbẹ̀, ọmọ Oǹdó ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó béèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀ iṣẹ́ mi. Mo ní in, Bùkọ́lá ló fi dandan mú mi gbà á. Ó wá wo owó tó ń wọlé sínú àkáǹtì mi, ó ní òun ò rí iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Mo ní ọwọ́ ni wọ́n ti máa ń san án fún mi, inú àpò ni mo sì ti ń ná an. Ó ní báǹkì ò lè wo inú àpò mi. Ó ní kí n máa fi gbogbo owó tí mo bá gbà sínú àkáǹtì ná, ì báà jẹ́ pé ọjọ́ yẹn náà ni màá gbà á jáde, kí n ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kí n padà wá. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Alhaja ní òun á dúró.

Nígbà tí mo padà lọ, ojú Màdámù báǹkì náà ti yí padà. Ó ní àkọsílẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní credit report, ibẹ̀ ni gbogbo báǹkì ti ń wo ẹni tó ń san gbèsè àti ẹni tí kì í san. Ó ní orúkọ mi wà níbẹ̀ lára gbèsè tí wọn ò san. Mo ní mi ò yá owó báǹkì rí láyé mi. Ó ní ohun tí àwọn rí nìyẹn. Èèyàn mẹ́rin ló jókòó sẹ́yìn mi tí wọ́n ń gbọ́. Mo kó ìwé mi, mo jáde.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò fi débẹ̀ mọ́. Mo rò pé ẹnì kan ti fi orúkọ mi lu jìbìtì. Kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún. Tẹ́lẹ̀, Bùkọ́lá ni màá sọ ọ́ fún, á ní kí n jókòó, kí n tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Láràárọ̀, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń gbàdúrà níbẹ̀. Mi ò ní purọ́ nílé Ọlọ́run, àdúrà yẹn kò dùn ún gbọ́. Mò ń bi Ọlọ́run pé kí ni mo ṣe fún un. Ṣùgbọ́n mi ò dákẹ́, Òun náà ò sì lé mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó sọ sí mi lọ́kàn pé mi ò tíì fi ojú ara mi rí ìwé tí mò ń torí rẹ̀ sunkún.

Mo padà lọ bá Màdámù. Mo béèrè bóyá èmi fúnra mi lè rí ohun tí wọ́n kọ nípa mi. Ó wò mí, ó ní ẹ̀tọ́ mi ni, pé ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò mọ̀. Ó fi bí mo ṣe máa béèrè fún un hàn mí. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, wọ́n fi í ránṣẹ́ sórí fóònù mi, mo sì lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú géètì yunifásítì.

Ibẹ̀ ni mo dúró sí láàárín àwọn ọmọ ilé ìwé, mo kà á. Orúkọ mi nìyẹn. Àdírẹ́sì wa ní Iba nìyẹn. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé onídùúró ni mí. Ẹni tó yá owó gan-an, Bùkọ́lá ni. Ọ̀kẹ́ ogún náírà ló yá lọ́wọ́ báǹkì kékeré kan ní Iba, ó ti san èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ kí ó tó dẹ́kun. Mo wo oṣù tó yá a. Oṣù yẹn ni mo gba ṣọ́ọ̀bù tí mo wà yìí, nígbà tí wọ́n fẹ títì, tí wọ́n wó ibi tí mo wà tẹ́lẹ̀. Bùkọ́lá ló kó owó yẹn fún mi. Ó ní èésú òun ló bọ́ sí òun lọ́wọ́, kí n má ṣèyọnu. Ó ní kí n bá òun fọwọ́ sí ìwé kan fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń dáwó. Orí fírísà tí mò ń tú lọ́wọ́ ni mo ti fọwọ́ sí i, mi ò kà á.

Ọmọbìnrin tó ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé béèrè bóyá ìwé náà ò jáde dáadáa. Mo ní ó jáde dáadáa.

Mo mú un lọ bá Màdámù. Ó kà á, ó ní ọ̀rọ̀ yìí ò le, kí èmi àti ìyàwó mi jọ lọ sí báǹkì náà lọ yanjú ẹ̀. Ó ní, "Ṣé wọ́n wà nílé?"

Mo ní, "Wọ́n wà."

Ará, mo jáde, mo sì fẹsẹ̀ rìn láti Iyana-Iba dé Okokomaiko. Mi ò wọ ọkọ̀. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo kúnlẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn mi ò béèrè owó lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ní kó fún mi lẹ́nu tí màá fi sọ ọ́. Àdúrà mi kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èmi ni mo kọ́kọ́ wọ báǹkì. Mo ní, "Màdámù, irọ́ ni mo pa fún yín lánàá. Ìyàwó mi ti kú. Ó ti pé ọdún méjì."

Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ṣé báǹkì tó yá wọn lówó mọ̀?"

Mo ní kò sẹ́ni tó sọ fún wọn. Ta ni ì bá sọ fún wọn? Fóònù Bùkọ́lá wà ní pípa, èmi ò gbé ìpè, àwọn tí wọ́n rán wá sílé wa ní Iba ò bá ẹnikẹ́ni. Màdámù wá ṣàlàyé fún mi pé irú báǹkì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń yọ owó ìbánigbófò, tí wọ́n ń pè ní insurance, láti ìbẹ̀rẹ̀, pé tí ẹni tó yá owó bá kú, ìbánigbófò á san ìyókù, tí wọ́n bá ṣáà ti mú ìwé ẹ̀rí ikú wá. Ó ní gbogbo oṣù tí mo fi dákẹ́ yìí, ńṣe ni gbèsè náà ń lé sí i lórí orúkọ àwa méjèèjì.

Inú báàgì Bùkọ́lá ni ìwé tí ọsibítù fún wa nígbà tó kú wà. Mo gbé báàgì náà sọ̀ kalẹ̀. Mi ò ní sọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ fún yín. Ìwé yẹn ni mo fi gba ẹ̀rí ikú, mo sì lọ sí Iba.

Ọ̀dọ́bìnrin òṣìṣẹ́ báǹkì kékeré náà, tó ń gba owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tó gbọ́, ó jókòó. Ó mú káàdì Bùkọ́lá jáde, fọ́tò rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ó ní Bùkọ́lá kò pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ rí, pé Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ikú rẹ̀ gan-an, ó wá san án. Ó fi ibi tí wọ́n ti béèrè ohun tó fẹ́ fi owó náà ṣe hàn mí. Bùkọ́lá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀: ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi yanjú ẹ̀. Ìbánigbófò san án. Mo lọ bá Alhaja, mo sọ ìdí tí mo fi pẹ́ fún un, mo sì sọ pé Bùkọ́lá ti kú. Alhaja sunkún ju èmi lọ. Ó ní òun ti fẹ́ gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì, òun ò ní gbé e mọ́. Báǹkì yá mi lówó, kò tó iye tí mo béèrè, ṣùgbọ́n ó tó mi í bẹ̀rẹ̀. Yàrá tútù yẹn ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀tọ̀-Àwórì bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, mo sì ti san owó ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣòwò, ẹ lọ béèrè ohun tí wọ́n kọ nípa yín. Ẹ ka ohun tí ẹ fẹ́ fọwọ́ sí. Ẹ bi ọkọ yín, ẹ bi ìyàwó yín, nígbà tí wọ́n ṣì lè dá yín lóhùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tẹ ìwé tuntun jáde. Wọ́n ti kọ ọ́ síwájú orúkọ Bùkọ́lá pé gbèsè náà ti parí. Kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Mo yọ̀, lóòótọ́ ni mo yọ̀. Ṣùgbọ́n ó yé mi pé obìnrin tí mo bá gbé fún ọdún mọ́kànlá, owó ìwé títẹ̀ ni mo san kí n tó mọ ohun tó ṣe fún mi.

Nítorí náà, ẹ bá mi fi ògo fún Ọlọ́run tó là mí lẹ́nu. Ẹ bá mi yọ̀. Ẹ̀yin màmá tẹ́yin àti Bùkọ́lá jọ wà nínú ẹgbẹ́ Good Women, ẹ̀yin tẹ́yin àti òun jọ ń kọrin, ẹni tó bá rántí ohunkóhun tí Bùkọ́lá ṣe tàbí tó sọ, bó ti wù kó kéré mọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sọ ọ́ fún mi. Ó lè ku èyí tí mi ò tíì gbọ́.