Èmi Ni Mo Ṣí Àpò Báàsì Marlys

Ẹ gbé ọrun tí ẹ fi ń fa okùn báàsì yín sílẹ̀ ná, ẹ gbọ́ mi. Wọ́n ní kí n wá gba àmì ẹ̀yẹ lónìí nítorí pé mo ti ń darí ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwa tí à ń fa báàsì, gòjé ńlá tó ga ju ènìyàn lọ, ní yunifásítì yìí láti ọdún méjìdínlógún. Mi ò ní gbà á. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó wúwo ju báàsì lọ, mo sì ti pinnu láti ilé pé mi ò ní kúrò lórí pèpéle yìí láì sọ ọ́. Ìyàwó mi bẹ̀ mí láàárọ̀ yìí, ó ní, "Verlyn, ẹni tó ni báàsì ti kú. Kí lo tún fẹ́ hú jáde?" Mo ní ẹni tí mo ṣẹ̀ jù ṣì wà láàyè, ẹnu ọ̀nà ló sì máa ń jókòó sí.

Gbogbo yín lẹ mọ Wákàtí Ardis. Bí ẹ bá ti gbé báàsì yín wọlé láti inú òtútù Minnesota yìí, ẹ ó gbé e kalẹ̀ nínú àpò rẹ̀, Ardis Kivela á wo aago, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ ṣí àpò títí wákàtí kan á fi pé, kí igi tó ti tutù má baà pàdé ooru lójijì kó sì là. Ẹ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ ní, "Ìyá Aago, ṣé ká máa mí ni, àbí kò tíì tó àkókò?" Ohun tí wọ́n sọ fún yín ni pé obìnrin yìí ba báàsì olówó iyebíye kan jẹ́ nígbà kan rí, ìdí nìyẹn tó fi le koko bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Irọ́ mi ni.

Ní ogún ọdún sẹ́yìn, èmi àti Marlys Tollefson la jọ ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní báàsì níbí, kò sì sí èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ dúró nínú wa. Lọ́dún yẹn ni wọ́n sọ pé ẹnì kan ṣoṣo làwọn máa gbà pátápátá, pé àwọn ọ̀gá máa wá gbọ́ wa lọ́sàn-án ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Marlys ta mí yọ. Èmi ń fi agbára fa okùn; òun kàn máa ń gbé ọrun lé e ni, báàsì bàbá bàbá rẹ̀ á sì máa sọ̀rọ̀ bí àgbàlagbà tí kò kánjú. Bó ṣe dé láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó bu kọfí fún mi, ó ní, "Verlyn, má wulẹ̀ fajú ro. Tí wọ́n bá mú ọ, ilé yín ni mo ti máa wá jẹun." Mo rẹ́rìn-ín. Inú ń bí mi.

Ẹni ogójì ọdún ni Ardis nígbà náà, ó ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé, kò sì ju ọdún mẹ́ta lọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ báàsì. Òun ló yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti ṣọ́ yàrá tí a kó báàsì sí. Ẹ̀rọ tó ń mú ọkọ̀ Marlys gbóná ti kú, wákàtí méjì gbáko ni báàsì rẹ̀ sì fi wà nínú òtútù lójú ọ̀nà. Ó sọ fún Ardis pé, "Jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí màá fi dé." Ardis ní, "Kò séwu, ọ̀gá. Wọ́n á kọ́kọ́ gba orí mi kọjá ná."

Kò pẹ́, báàsì ẹnì kan há sẹ́nu lífíìtì, Ardis sì sáré lọ bá a fà á. Ó ku èmi nìkan nínú yàrá.

Ó wù mí kí n sọ pé mi ò mọ ohun tí mo ń ṣe. Mo mọ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n mọ̀ ọ́n. Mo fa síìpù àpò náà láti òkè délẹ̀, mo yọ báàsì jáde, mo sì fi ikùn rẹ̀ ti ẹ̀rọ tó ń mú yàrá gbóná. Igi náà tutù débi pé ó ń ta mí lọ́wọ́. Mo dúró tì í fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà mo dá a padà sínú àpò rẹ̀, mo fi síìpù rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí, mo sì lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń di ọrun mú.

Lọ́sàn-án, Marlys gbé e dúró, ó ń yí okùn rẹ̀ kó lè bọ́ sí ohùn, la bá gbọ́ "páà!" Ikùn báàsì là láti ìsàlẹ̀ dé àárín. Marlys ò sunkún. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ibi tó là bí ẹni tó fẹ́ dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ó ní, "Mo bá àpò yìí ní ṣíṣí. Ta ló ṣí i?" Mo ní, "Ardis ló ń ṣọ́ yàrá." Ẹ wo ìkà! Mo ṣa ọ̀rọ̀ tó jẹ́ òótọ́ láti fi parọ́.

Ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó burú jù. Ardis sáré tọ̀ mí wá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó di apá mi mú. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rántí. Àpò mẹ́fà ni mo ṣí fún àwọn tó kọ́kọ́ dé. Mi ò rò pé mo ṣí ti ọ̀gá Marlys. Ṣé ẹ rí mi níbi tí mo ti ṣí i ni?" Mo gbọ́wọ́ lé e léjìká, mo sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn pé, "Iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ, Ardis. Ó lè jẹ́ pé o gbàgbé ni." Ojú mi báyìí ló ṣe gbà á gbọ́. Mo gba ohun tí obìnrin náà fi ojú ara rẹ̀ rí lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fi irọ́ mi dípò.

Báàsì ẹlòmíràn tí Marlys yá ò gbọ́ràn sí i lẹ́nu lọ́sàn-án ọjọ́ náà, èmi ni wọ́n mú. Wọ́n tún tirẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n ohùn àtijọ́ ò padà. Ó sọ fún Ardis pé, "Igi ni, kì í ṣe ènìyàn. Má pa ara rẹ." Ó kó lọ sílùú míì, ó sì kú lọ́dún tó kọjá láì mọ̀ pé èmi ni. Ardis ní tirẹ̀ ò tún fa okùn kankan láàárín wa mọ́. Ó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé aago síwájú. Lọ́dọọdún ni mo sì ń kọjá lára rẹ̀, tí mò ń sọ pé, "Ardis, o kú iṣẹ́ o." Ẹnu mi yìí náà ni!

Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé fún àwọn aláṣẹ láàárọ̀ yìí, kí wọ́n ṣe mí bó ṣe yẹ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnì kan bá ta yín yọ, ẹ sún mọ́ ọn, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀, kí ẹ kọ́ ọ. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀, títí dòní mi ò sì tíì mọ bí Marlys ṣe ń ṣe é. Òfin wákàtí yẹn dára, ẹ máa pa á mọ́. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, Wákàtí Verlyn ni kí ẹ máa pè é, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹni tó bá béèrè.

Ardis, mò ń wò ọ́ lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ yẹn. Ìwọ kọ́. O rántí dáadáa lọ́jọ́ náà, èmi ni mo ṣì ọ́ lọ́nà. Mo bẹ̀ ọ́, mi ò sì ní kí o dá mi lóhùn lónìí. Mo bẹ ọmọ rẹ, ó gbé báàsì rẹ wá láti ilé ní aago mẹ́jọ àárọ̀ yìí. Báàsì náà ló wà lórí pèpéle yìí, nínú àpò rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ardis, wákàtí ti pé. Máa bọ̀, wá ṣí i.