Omi Inú Ìgò Àkọ́kọ́

Nana Sekyi, alága ìjókòó yìí. Ẹ̀yin àgbà ìlú. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ilé àṣà tí a jọ ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹ̀yin àlejò tí ẹ ti Cape Coast wá. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín.

Ẹ ti ń yìn mí láti àárọ̀ nítorí pé mo ń fẹ̀yìn tì lónìí. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló wà níbí tó ti gbàgbé àwọn ìgò Araba Dontoh?

Araba tó jókòó lẹ́yìn pátápátá yẹn, ọdún mẹ́sàn-án ló fi bu omi odò Pra, ìgò kan lóṣooṣù, kì í sì í lọ lọ́jọ́ tí a fi odò sílẹ̀ kó sinmi. Ó kọ ọjọ́ sára ìgò kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sí gbọ̀ngàn wa. Ti àkọ́kọ́ mọ́ gaara. Bí àwọn awakùsà wúrà ṣe ń pọ̀ sí i lómi ń pọ́n, títí ti ìkẹyìn fi dàbí tíì oníwàrà. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ìgò nìkan ló tò.

Ni mínísítà bá fẹ́ wá. Wọ́n pè mí láti òkè: "Ọ̀gá Ebo, a ò fẹ́ rí omi pupa kankan níbẹ̀ o." Mo ní kí Maame Kuukua tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn dà á nù, kó fi omi inú ọ̀rá rọ́pò rẹ̀. Ó wò mí tòkè-tilẹ̀.

"Ọ̀gá, bí ẹ bá fẹ́ fọ odò, ẹ lọ bá odò. Kí ni ìgò ṣe fún yín?"

Ó gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó lọ. Maame, ẹ̀yin nìkan lẹ ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí n ṣe lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi da gbogbo rẹ̀ nù, tí mo sì fi rọ omi inú ọ̀rá sínú àwọn ìgò náà.

Mínísítà dé, ó rẹ́rìn-ín: "Ṣé odò tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ náà nìyí?" A pàtẹ́wọ́. Araba, tó máa ń pè mí ní Wofa bí ẹni ń pe arákùnrin ìyá rẹ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Wofa, ṣé ẹ da ti àkọ́kọ́ náà nù?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò wọ gbọ̀ngàn yìí mọ́ títí di òní.

Ẹ̀yin èèyàn mi, omi pupa kò wọ́n. Ẹ sáà yọjú sétí odò. Níbo ni mo ti fẹ́ bu ti àkọ́kọ́? Mo máa ń sọ pé ìjọba ló rán mi. Irọ́ ni. Pupa ni wọ́n ní àwọn ò fẹ́ rí. Ti àkọ́kọ́ mọ́. Ìbẹ̀rù tèmi ló dà á nù. Wọ́n rán mi níṣẹ́ ẹrú, n kò fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Araba, ìgò náà rèé. Ọdún méje ló fi wà nínú àpótí tábìlì mi, ìkọ̀wé rẹ ṣì wà lára rẹ̀. Òfìfo ni. N kò ní bẹ̀ ọ́ níwájú èrò pé kí o dárí jì mí, kó má baà ṣòro fún ọ láti kọ̀. Sáà gba ìgò rẹ.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa da ohun tí a ò lè bù mọ́. Kó fún yín lẹ́mìí gígùn, kí odò wa tún mọ́, kí Araba lè rí ohun bù sínú ìgò yìí kí n tó kú.

Ẹ ṣé tí ẹ gbọ́ mi dé òpin o.