Ọjọ́ Tí Ìyàwó Mi Wọ Agbádá Mi

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ kú ìjókòó. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó di ilé mi mú kó tó wó. Mo mọ̀ pé ẹnu ń ya àwọn kan pé èmi ni mo dìde. Láti ìgbà tí mo ti wà nínú ìjọ yìí, ẹ̀yìn lẹ́bàá fèrèsé ni mo máa ń jókòó sí, tí wọ́n bá sì ti pe àwọn tó fẹ́ jẹ́rìí, aago ọwọ́ mi ni mo máa ń wò. Lónìí, ẹ̀yin náà lè wo aago yín.

Gbogbo wa la jọ wo fíìmù eré tí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ṣe, tí wọ́n fi hàn wá nínú họ́ọ̀lù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ẹ̀ àwọn kan wá bá mi, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé mo mọ eré í ṣe báyẹn, pé bí mo ṣe jẹ iyán níparí eré yẹn, òṣèré gidi ni mí. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò ṣeré o. Ìdí tí mo fi dìde nìyẹn.

Ọ́fíìsì ìjọba ni mo ti ń ṣe kíláàkì tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá òṣìṣẹ́ dúró, orúkọ mi wà nínú ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Mo dé ilé wa ní Ilare, mo jókòó. Ìyàwó mi tó ń ránṣọ ló wá ń gbọ́ bùkátà ilé. Kò fi yangàn sí mi lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan mo ti ìta dé, mo bá odindi àpò ìrẹsì lẹ́nu ilẹ̀kùn. Bọ́lá, ọmọ wa obìnrin, ní ẹ̀gbọ́n mọ́mì òun ló gbé e wá láti Iléṣà. Ìyàwó mi ti lọ sọ fún wọn nílé wọn pé ọkọ òun ò níṣẹ́ mọ́.

Inú bí mi. Mo ní mi ò ní jẹ oúnjẹ àánú nínú ilé tí mo fọwọ́ ara mi kọ́. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò fẹnu kan oúnjẹ ìyàwó mi mọ́, mi ò sì bá a sọ̀rọ̀. Oṣù méje gbáko. Tí mo bá fẹ́ omi ìwẹ̀, màá ní, "Bọ́lá, sọ fún màmá ẹ pé mo fẹ́ wẹ̀." Màmá ẹ̀ jókòó síbẹ̀ o, ọwọ́ mi lè tó o. Bọ́lá á yíjú sí i, á ní, "Mọ́mì, dádì ní àwọn fẹ́ wẹ̀." Sábó ni mo ti ń jẹun, tùwó láàárọ̀, tùwó nírọ̀lẹ́, títí ìyá tó ń tà á fi sọ mí ní Àlàájì.

Ìyàwó mi bẹ̀ mí títí. Pásítọ̀ wá bẹ̀ mí, mo ní mo ti gbọ́, bẹ́ẹ̀ mi ò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ránṣẹ́ láti Iléṣà pé òun ń bọ̀ wá mú àbúrò òun lọ́jọ́ Àìkú. Mo rí ìyàwó mi tó ń kó aṣọ sínú àpótí. Mi ò fẹ́ kó lọ. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ṣùgbọ́n mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀ tèmi. Mo wọ yàrá, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Olúwa, èmi ni mo ti ilẹ̀kùn yìí, mi ò sì rí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ mọ́. Bá mi ṣí i." Àdúrà tí mo gbà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Sátidé, tó ku ọ̀la kí wọ́n wá mú un, ni ẹgbẹ́ àwọn ìyá fẹ́ ya fíìmù eré wọn. Ẹ mọ̀ pé ẹgbẹ́ yẹn ò gba ọkùnrin, torí náà obìnrin ló ń ṣe ọkùnrin nínú eré wọn, wọ́n á fi èédú ya irùngbọ̀n. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn mo ṣí àpótí mi, mi ò rí agbádá mi, mi ò rí fìlà mi. Bọ́lá ní mọ́mì ti kó wọn lọ síbi eré. Mo ní ṣé ẹrù tiẹ̀ tó ń dì ò tó o ni, tó tún fi kó tèmi. Mo gba Ẹnuwá kọjá, ẹni tó kí mi mi ò dá a lóhùn, ó di họ́ọ̀lù ṣọ́ọ̀ṣì.

Iná kámẹ́rà ti tàn, àwọn èèyàn ti jókòó. Mo gbójú sókè, èmi ni mo rí lórí ìtàgé. Ìyàwó mi ló wọ agbádá mi, ó dé fìlà mi, ó ya irùngbọ̀n. Òun ni wọ́n fi ṣe ọkọ. Ó ń húkọ́ bí mo ṣe máa ń húkọ́ kí n tó sọ pé mi ò fẹ́ nǹkan. Ó ń wo aago bí mo ṣe ń wò ó. Wọ́n gbé oúnjẹ wá, ó kọjú sí ògiri, ó ní, "Ọmọ, sọ fún ìyá ẹ pé mo ti yó." Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ wó họ́ọ̀lù.

Ara mi gbóná. Ó ti gbé ọ̀rọ̀ ilé mi wá sí gbangba. Mo ti ń lọ síwájú kí n lọ bọ́ agbádá mi lọ́rùn ẹ̀ nígbà tí àwọn tó kù wọlé lọ, tó wá ku òun nìkan lórí ìtàgé. Ó jókòó, ó rọra ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Kì í ṣe oúnjẹ ni mo kọ̀. Ojú ló ń tì mí. Ọwọ́ tí mo fi ń fún wọn tẹ́lẹ̀ ti ṣófo, mi ò mọ ibi tí mo máa gbé e sí."

Ẹ̀yin ará, mi ò sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ẹnikẹ́ni rí. Mi ò sọ ọ́ fún ara mi pàápàá. Ìyá Ìjọ sọ fún mi lẹ́yìn ẹ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ò sí nínú ìwé eré. Obìnrin tí mo ti ń yan lódì láti oṣù méje ló mọ ohun tó wà nínú mi. Mo wá àga kan lẹ́yìn, mo jókòó, mo ń nu ojú bí ẹni pé eruku ló kó sí i.

Ó wá ku ìran tó kẹ́yìn. Ìyá Ìjọ tó jókòó síwájú yìí ló ṣe ìyàwó nínú eré. Wọ́n gbé iyán wá, wọ́n kúnlẹ̀ láti bẹ ọkọ. Ọkọ gbọ́dọ̀ dáhùn pé, "Mo ṣẹ̀ ọ́. Ó ti tán nínú mi. Gbé oúnjẹ wá." Ìyá Ìjọ bẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ìyàwó mi ò sọ nǹkan kan. Oníkámẹ́rà ní kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe. Ìyàwó mi lanu, ó tún pa á dé. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, Ìyá Ìjọ ní, "Màmá Bọ́lá, eékún ń dùn mí o. Ṣé o ti gbàgbé ohun tó o máa sọ ni?"

Ó ní, "Mi ò gbàgbé, mà. Gbogbo èyí tó kù ni mo mọ bí Bàbá Bọ́lá ṣe máa ń ṣe é. Èyí nìkan ni mi ò mọ̀. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọdún méjìdínlógún la ti fẹ́ra wa. Mo wá inú ọdún méjìdínlógún yẹn kiri bóyá màá rí ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo sọ ọ́. Mi ò rí i.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Orí ìtàgé ni mo bá ara mi. Mo ní, "Màmá Bọ́lá." Èmi ni mo pè é o, mi ò rán ọmọ. "Mo ṣẹ̀ ọ́. Ó ti tán nínú mi. Gbé oúnjẹ mi wá." Ó ń wò mí, omijé ti ń fa irùngbọ̀n èédú lọ sọ́rùn. Ó ní, "Ẹ fọwọ́, Bàbá Bọ́lá." Mo fọwọ́, mo jókòó sórí àga ọkọ, mo jẹ iyán. Òun fúnra ẹ̀ ló gún un láàárọ̀, ó ti tutù, ó ti le, ọbẹ̀ ti dì. Mi ò jẹ oúnjẹ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Oníkámẹ́rà rò pé bí eré ṣe lọ nìyẹn, ó kàn ń yà á lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ gbé mọ́tò dé. Ó bá èmi àti ìyàwó mi níwájú ilé, a jọ ń ṣa kòkòrò kúrò nínú ìrẹsì tó gbé wá. Láti ọjọ́ tí mo ti bínú, ìyàwó mi ò tú àpò yẹn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun fún ìrẹsì." A sè é, ó bá wa jẹ ẹ́, ó sì dá nìkan padà sí Iléṣà.

Iṣẹ́ ìjọba ò tíì padà, mi ò ní purọ́ nílé Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń rán bọ́tìnnì mọ́ gbogbo aṣọ tí ìyàwó mi bá rán báyìí, ó sì ní ọwọ́ mi mọ́. Agbádá yẹn náà ni mo wọ̀ yìí. Ẹ wo ọrùn ẹ̀, èédú ò jáde, mi ò sì fẹ́ kó jáde.

Ẹ bá mi gbé ògo fún Ọlọ́run tó bá mi ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá Màmá Bọ́lá náà yọ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin tẹ́ ẹ jókòó lẹ́bàá fèrèsé, tẹ́ ẹ ń wo aago, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ "Mo ṣẹ̀ ọ́" fún ìyàwó yín nílé lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n lè mọ bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́ tí ẹgbẹ́ àwọn ìyá bá tún fẹ́ ya fíìmù.