Ààrò Mẹ́ta Lẹ́yìnkùlé Bàbá Mi

Nígbà tí eyín mi ṣì pé lẹ́nu, tí mo lè ti Bàríga níbí fẹsẹ̀ rìn dé Onípáànù, kí n sì rìn padà láì jókòó… Ṣé ó ti ń gba ohùn mi? Kúnlé, gbé fóònù yẹn síbi tí màá ti máa rí i. Ìwọ ọmọ ọmọ mi tí o kì í yà kí mi àfi tí ọdún bá dé, ìwọ lo gbé búrẹ́dì àti mílíìkì wá lónìí, o ní kí n sọ ìtàn ilé yìí. Ó dáa. Màá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìwé kan wà nínú báàgì ẹ. Gbéńga bàbá ẹ ti pè mí lánàá. Ó ní àwọn kan fẹ́ wó ilé yìí kí wọ́n fi kọ́ fúláàtì, ó ní gbogbo ẹbí ló ti gbà, ó ku kí n fi àtàǹpàkò tèmi tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ẹbí? Ẹ gbọ́ o… gbogbo ẹbí. Jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti àtijọ́ ná.

Bàbá mi ló kọ́ ilé yìí. Bíríkìlà ni, Ìsẹ́yìn ló ti wá. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi to búlọ́ọ̀kù ẹ̀. Ìyàwó mẹ́ta ló fẹ́, ìyàwó kọ̀ọ̀kan sì ní ààrò amọ̀ tirẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ibi tó ti ń dáná. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, gáàsì lẹ mọ̀. Láyé ìgbà yẹn, ìyàwó kì í dáná lórí ààrò orogún ẹ̀. Ẹni tó bá ti ní ààrò nínú ilé, òun àtàwọn ọmọ ẹ̀ ti di ìdí-igi kan nìyẹn. Tí baálé bá kú tí kò pín ilé, ìdí-igi la fi ń pín in. Ti ìyá yìí, ti ìyá yẹn. A kì í wo iye ọmọ. Ìyá tó bí mẹ́wàá àti ìyá tó bí ẹyọ kan, ọgbọọgba ni.

Èmi nìkan ni ìyá mi bí. Obìnrin sì ni mí. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá kú, ìyá mi tẹ̀lé e. Ẹ̀gbọ́n mi Múfú, ọmọ ìyálé, di olórí ẹbí. Òun ló ń gbowó lọ́wọ́ àwọn ayálégbé. A ò bá a jà, àgbà ni. Nígbà tó yá, mo rí i tó kó àwọn tó ń kun ilé wá. Ẹ gbọ́… ilé tí òjò ti ń jò sí wa lórí látìgbà tí Bàbá ti kú, tí kò pààrọ̀ páànù kan, kí ló dé tó fi wá ń kun ọ̀dà? Iwájú ilé nìkan ló sì kùn. Mo bi í. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé o ò fẹ́ kí ilé Bàbá wa dára ni?" Ẹ̀rín ọ̀hún ò tẹ́ mi lọ́rùn.

Kò pẹ́, ó tún pè mí. Ó ní, "Àbúrò mi, lọ kí àǹtí ẹ ní Fádèyí lọ́jọ́ Sátidé. Sùn síbẹ̀. O ti ń ṣiṣẹ́ jù." Èmi? Múfú tí kò bèèrè rí bóyá mo jẹun? Mo ní mo ti gbọ́. Sátidé pé, mo gbé báàgì mi lójú ẹ̀, mo gba iwájú jáde, mo yí po, mo gba ẹ̀yìn wọlé. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Mo dé ẹ̀yìnkùlé, mi ò rí ààrò ìyá mi. Wọ́n ti da ọpọ́n ìfọṣọ bò ó, wọ́n wá to pákó lé e. Inú bí mi. Mo kó gbogbo ẹ̀ kúrò, mo dáná. Igi tútù ni mo kì sí i, mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Èéfín gba ojú fèrèsé wọ pálọ̀ lọ bá Múfú àtàwọn àlejò ẹ̀.

Ta ni àlejò? Ọkùnrin kan tó fẹ́ ra ilé ni, òun àti ìyá ẹ̀. Màmá Ìjẹ̀bú ni, obìnrin kúkurú báyìí. Mò ń gbọ́ ohùn Múfú látẹ̀yìn: "Ìyàwó méjì ni Bàbá wa fẹ́, mà. Èmi rèé fún ti àkọ́kọ́, àbúrò mi ọkùnrin rèé fún ti ìkejì. Kò ku ẹnì kankan." Màmá yẹn ń húkọ́. Ó ní, "Èéfín ibo rèé?" Múfú ní ayálégbé ni. Màmá yẹn dìde, ó tọ èéfín wá.

Ó bá mi níbi tí mo ti ń fẹ́ná. Ó wo ààrò tèmi, ó wo méjì tó kù. Ó ní, "Ọmọ mi, ta ló ni ààrò tó o wà nídìí ẹ̀ yìí?"

Mo ní, "Ìyá mi ni, mà."

"Kí ni ìyá ẹ jẹ́ nínú ilé yìí?"

"Ìyàwó kẹta Bàbá ni. Wọ́n ti kú."

"Ṣé wọ́n sọ fún ẹ pé wọ́n fẹ́ ta ilé?"

Mo ní rárá.

Kò tún bi mí ní nǹkan kan mọ́. Ó ké sí ọmọ ẹ̀, "Táyọ̀, dìde ká lọ. Kì í ṣe tiwọn nìkan ni wọ́n ń tà." Múfú sáré tẹ̀ lé wọn, ó ń sọ pé obìnrin ò ní ìpín. Màmá yẹn yíjú padà, ó ní, "Obìnrin lèmi náà. Mo ní yàrá nílé bàbá mi." Ó bá tirẹ̀ lọ. Mi ò mọ orúkọ ẹ̀ títí dòní. Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Mo rò pé ó ti tán. Ẹlòmíì wá. Ìyẹn ò dé ẹ̀yìnkùlé rárá. Lọ́yà tí Múfú mú wá náà ló ṣojú òun àti Múfú. Ṣé o gbọ́ ìyẹn? Lọ́yà kan ṣoṣo fún ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà! Ta ló fẹ́ bá ẹ sọ òótọ́ níbẹ̀? Ó rà á tán, ó wá kó ẹrù mi síta. Àwọn ará àdúgbò ní kí n gba f'Ọ́lọ́run. Mo gba f'Ọ́lọ́run, mo sì gba kóòtù lọ. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Lọ́yà tèmi ló kì mí nílọ̀. Ó ní, "Olórí ẹbí ló tà á, títà ẹ̀ lè dúró tí ẹnì kankan ò bá ké, nítorí náà tètè ké. Tó o bá dákẹ́ títí ọkùnrin yìí fi kọ́ nǹkan míì síbẹ̀, adájọ́ lè ní o ti fara mọ́ ọn." Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ẹjọ́ náà pẹ́. Mo lọ́kọ, mo bímọ, ẹjọ́ ò tíì parí. Nígbẹ̀yìn, adájọ́ da títà yẹn nù. Ó ní ọmọ lọmọ ń jẹ́, ìbáà ṣe obìnrin. Mo padà wọlé. Ọkùnrin tó rà á ńkọ́? Àánú ẹ̀ ṣe mí. Kì í ṣe olè, kò kàn bèèrè ni.

Lónìí ńkọ́? Ẹ wo ara ògiri láti Ṣómólú dé ibí: "Ilé yìí kì í ṣe títà." Ṣé olè ìta lẹ rò pé wọ́n ń kọ ọ́ fún? Ọmọ inú ilé ni. Ayé ti là, ẹ lè lọ yẹ ìwé ilé wò lọ́dọ̀ ìjọba ní Alausa. Ó dáa, ẹ lọ. Ṣùgbọ́n ìwé ò ní sọ iye ìyàwó tí òkú fẹ́ fún yín. Ẹ bi ayálégbé tó ti pẹ́ jù níbẹ̀. Ẹ bi aládùúgbò. Ẹ bi àwọn obìnrin ilé.

Kúnlé, mi ò ní kí wọ́n má wó o. Ilé ti gbó, èmi náà ti gbó. Àwọn ọmọ ìdí-igi méjì tó kù ti wá bá mi, tọkùnrin tobìnrin wọn, mo rí ojú wọn. Ó ku tèmi. Bàbá ẹ ti pè. Túnjí àbúrò ẹ̀ náà ti pè. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, àbí mo ṣì í? Bọ́lá ńkọ́? Bọ́lá ọmọ mi obìnrin, tó wà nílé ọkọ ní Ìlọrin. Ó ní fóònù. Kò tíì bá mi sọ nǹkan kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣé ó mọ̀?

…

Mo ní ṣé ó mọ̀?

"Màmá… Dádì ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ná, ká tó sọ fún Àǹtí Bọ́lá."

Ẹn-ẹ́n. Gbéńga. Gbéńga tí mo pọ̀n sẹ́yìn lọ sí kóòtù.

Pa ohun tó ń gba ohùn yẹn, fi fóònù náà pe Bọ́lá. Títí tó fi máa dé, kí ìwé yẹn wà nínú báàgì ẹ. Ayé ti yí o… Láyé tiwa, ọmọ orogún ló ń ṣe irú ẹ̀ síni.