Àga Tí Mo Fi Ba Ilé Jẹ́

Ẹ má bu omi fún mi. Òótọ́ ló há mi lọ́fun, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ikú tó pa á mọ́ mi nínú. Ọkọ mi, jókòó. Eyínmẹ́nugún, ẹ̀yin tí ẹ fọwọ́ gbé mi lẹ́yìn ró yìí, ẹ̀yin gan-an ni mo ṣẹ̀.

Èmi ni mo sọ yín lórúkọ yẹn, torí ìyàwó kì í pe ẹ̀gbọ́n ọkọ lórúkọ. Adùn ẹnu lásán ni. N kò fẹ́ràn yín rí. Nígbà tí ẹ ta ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ yín, tí ẹ kó owó rẹ̀ fún àbúrò yín kó fi san àsansílẹ̀ ilé tí a fẹ́ rà, gbogbo ẹbí ń yìn yín. Èmi rí yín níbi tí ẹ ti ń wọn fèrèsé yàrá ìsàlẹ̀ fún kọ́tìnnì. Ẹ ní, "Ìyàwó mi, ibí ni n ó máa gbé, kí n lè máa bá ọ mójú tó ilé ìdáná." Ilé ìdáná ta ni?

Ọkùnrin báńkì tó ń bá wa ṣètò owó tí a fẹ́ yá kún owó ilé náà kìlọ̀ fún wa: "Ẹ má fi káàdì tí ẹ fi ń ra ọjà àwìn lórúkọ báńkì ra nǹkan kan o. A ó tún yẹ gbèsè yín wò kí a tó fọwọ́ sí i. Bó bá ti lé sí i, ọ̀rọ̀ bàjẹ́ nìyẹn." Ọkọ mi ti káàdì tirẹ̀ mọ́nú àpótí. Èmi rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà ti fi ọ̀nà hàn mí láìmọ̀.

Mo ra àga tìmùtìmù tó wọ́n jù ní ilé ìtajà. Ọlọ́jà ní, "Màdáàmù, ṣé ẹ ti kó dé ilé tuntun ni?" Mo ní ó kù díẹ̀. Mo ra fìríìjì, mo ra bẹ́ẹ̀dì, títí káàdì fi kọ̀, mo sì ní kí wọ́n bá mi tọ́jú wọn síbẹ̀. Inú mi dùn, kí n má parọ́. Mo sì mọ̀ pé bí báńkì bá kọ̀, àsansílẹ̀ yín ti wọgbó nìyẹn. Èmi ni mo ka ìwé àdéhùn ilé náà sí yín létí, pé wọn kì í dá àsansílẹ̀ padà.

Èmi ni báńkì pè. Wọ́n ní gbèsè orí káàdì mi ló bà á jẹ́. Mo sọ fún ọkọ mi pé, "Owó oṣù rẹ ni kò tó." Ẹ̀yin náà ẹ rántí bó ṣe dọ̀bálẹ̀ fún yín, tó ń sunkún pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo ba tiyín jẹ́." Ẹ fà á dìde. Mo káwọ́ gbera lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò yín. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń ṣe iṣẹ́ méjì.

Ẹ ò ní ṣọ́ọ̀bù mọ́, ni ẹ bá kó wá bá wa nínú ilé háyà. Mo lọ gbé àga yẹn wá láti ilé ìtajà, mo ní wọ́n ta mí lọ́rẹ níbi iṣẹ́. Orí rẹ̀ lẹ ń sùn títí dòní. Láràárọ̀ lẹ ń ní, "Ìyàwó mi, Ọlọ́run á bá mi san oore àga yìí fún ọ." Ó ti ń san án. Ẹni tí mo fẹ́ lé jìnnà ló ń wẹ̀ fún mi.

Ọkọ mi, owó oṣù rẹ tó. Ó tó láti ìbẹ̀rẹ̀.

Eyínmẹ́nugún, ẹ foríjì mí. N kò sọ pé mo ti wá fẹ́ràn yín. Ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀. Bí ẹ bá ti gbọ́, ẹ yọ ọwọ́ yín lẹ́yìn mi. Mo ní ẹ yọ ọ́. Kí ló dé tí ẹ ò yọ ọ́?