Ìyá Tó Ń Gbé Àwòrán

Tíkẹ́ẹ̀tì tí ọlọ́pàá já fún mi nídìí mọ́tò ló gbé mi dé kọ́ọ̀tù ní Upper Marlboro, ní Amẹ́ríkà níbí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ níbi tí a tò sí lórí ìlà kò tíì kúrò létí mi. Ìyá kan ló wà níwájú mi, ó gbá àwòrán ọmọkùnrin kan mọ́ àyà. Ọ̀dọ́bìnrin kan, lára àwọn tó ń bá a jà fún ìdájọ́ òdodo, ń bẹ̀ ẹ́:

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ níta pé ẹ ti dárí ji gáàdì yẹn. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn."

"Kò parí. Ó yìnbọn pa ọmọ mi, kó jẹ́jọ́ rẹ̀. Ìbínú ni mi ò lè gbé mọ́."

"Ìbínú yẹn ló gbé ẹjọ́ yìí débí, mà. Bí ẹ bá kúrò níwájú, ta ló máa dá wa lóhùn? Àwọn ọmọ ẹlòmíì ńkọ́?"

Ìyá náà wo àwòrán náà. "Nílé wa, òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Níbí, èmi ni mò ń gbé òkú ọmọ mi kiri, tí wọ́n ń ya fọ́tò mi."

Ọ̀dọ́bìnrin náà nawọ́. "Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e, mà."

"Gbà á. Ẹ máa pariwo lọ, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ò tíì ráyè sunkún."