Ewé Máńgòrò Ẹnu Ọ̀nà Àlíyù

Oyèníran, jọ̀ọ́, gbé garawa omi yẹn kalẹ̀. Mo mọ̀ pé èmi lẹ ní kí n kọ́kọ́ bomi rin igi máńgòrò yìí, ẹ sì ti ń pàtẹ́wọ́ kí n tó dìde. Ẹ dá àtẹ́wọ́ yín dúró ná. Dókítà ti sọ ohun tó rí lára ọkàn mi fún mi, mi ò sì fẹ́ gbé irọ́ yìí wọ sàréè. Òní ni màá sọ ọ́, níwájú gbogbo yín, níwájú Haleemah tó ń pè mí ní Màmá. Ẹni bá fẹ́ fi fóònù ká ohùn mi sílẹ̀, kó ká a.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò tíì dáyé nígbà yẹn, ibi tẹ́ ẹ gbẹ́ ihò igi sí yìí, ẹnu ọ̀nà Àlíyù ni, kí wọ́n tó wó iwájú ilé. Haúsá ni Àlíyù, àlùbọ́sà ló ń tà ní Ọ̀yìngbò. Fàrídà ni ìyàwó ẹ̀, Haleemah yìí sì ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Ilé ìdáná kan náà lèmi àti Fàrídà jọ ń lò. Tí mo bá lọ sọ́jà, òun ló ń bá mi wo Roqeeb ọmọ mi. Tó bá se túwó, á bu tèmi sọ́tọ̀. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, kò ṣẹ̀ mí rí.

Nígbà tí ìjà Yorùbá àti Haúsá dé àdúgbò wa ní Mushin níbí, wọ́n ní kí gbogbo Yorùbá so ẹ̀ka ewé tútù mọ́ ilẹ̀kùn, káwọn Yorùbá tó ń jà lè fò ó kọjá. Àmúsà, ọmọ onílé wa, gun igi máńgòrò tó wà lẹ́yìnkùlé, ó já ewé, ó ń so ó mọ́ ilẹ̀kùn wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan ti Àlíyù, ó so ó mọ́ tiẹ̀ náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wọlé, ẹ tilẹ̀kùn. Ẹ má sọ̀rọ̀ sókè o." Fàrídà ń sunkún, ó ń ṣàdúrà fún un. Àmúsà tẹ́ ẹ ti ń bú látọdúnmọ́dún ló ṣe bẹ́ẹ̀ o.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹnì kan sáré wọlé wá, ó ní àwọn Haúsá ti pa Quadri àbúrò mi ní Ìdó. Mi ò béèrè ta ló rí òkú. Mi ò béèrè nǹkan kan. Mo jáde síta, mo figbe ta. Fàrídà ṣí fèrèsé díẹ̀, ó ní, "Ìyá Roqeeb, kí ló dé? Ta ló kú?" Ohùn ẹ̀ yẹn ló bí mi nínú. Ó tún wá ń bi mí ta ló kú! Mo wo ewé tó wà lẹ́nu ọ̀nà wọn, mo ní ṣé àwọn á wá máa mí, kí àbúrò tèmi sì wà nílẹ̀? Fàrídà ti padà ti fèrèsé. Mo nawọ́, mo já a. Ewúrẹ́ onílé wà nítòsí, mo ju ewé sí i, ó sì jẹ ẹ́ lójú mi. Èmi Sìmíátù, ìkà ni mí! Mo ṣì lè lọ já òmíràn. Igi ṣì wà lẹ́yìnkùlé. Mi ò lọ.

Haleemah wà ní yàrá mi, òun àti Roqeeb ń ṣeré. Ìgbà tí mo gbọ́ ariwo àwọn tó ń bọ̀, mo wọ́ àwọn ọmọ méjèèjì wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n kọjá lẹ́nu ọ̀nà tèmi. Wọ́n dúró ní ti Àlíyù. Mo ń gbọ́ Àlíyù tó ń fi Yorùbá bẹ̀ wọ́n, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú ìyàwó mi." Fàrídà ń pe èmi. "Ìyá Roqeeb! Ìyá Roqeeb o!" Mo fọwọ́ bo Haleemah lẹ́nu, mi ò dáhùn títí ohùn ẹ̀ fi dákẹ́. Ohun tẹ́ ẹ fi ń yìn mí nìyẹn. Ẹ ní mo gba ọmọ là, èmi tí mo sọ ọ́ di ọmọ òrukàn.

Nírọ̀lẹ́, Quadri wọlé. Kò sóhun tó ṣe é. Àwọn Haúsá tó ń já ẹrù ní Ìdó ló kó àpò àlùbọ́sà bò ó mọ́lẹ̀ títí ìjà fi rọlẹ̀. Ó ní, "Àǹtí mi, ebi ń pa mí." Òórùn àlùbọ́sà ń jáde lára ẹ̀, bíi ti Àlíyù gẹ́lẹ́. Mo bu oúnjẹ fún un.

Ẹ rò pé ó ti tán? Èyí tó burú jù ló kù. Kí ẹ̀gbọ́n Àlíyù tó wá mú Haleemah lọ sí Kánò, àwọn àgbà àdúgbò jókòó, wọ́n ní ta ló yọ ewé. Wọ́n bi mí bóyá mo rí nǹkan. Mo ní, "Àmúsà ni mo rí lẹ́nu ọ̀nà wọn láàárọ̀." Nígbà tí mo já ewé, inú ń bí mi. Nígbà tí mo pa irọ́ yìí, kò sóhun tó ń bí mi nínú. Wọ́n lù ú, wọ́n lé e kúrò nílé bàbá ẹ̀, ó kó lọ sí Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Nígbà tí ìyá ẹ̀ kú, ẹ ò jẹ́ kó fọwọ́ kan òkú. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mò ń pín omi fáwọn èèyàn.

Haleemah padà dé lọ́dún yìí, ó ní òun ò wá gbẹ̀san, òun kàn fẹ́ kí orúkọ àwọn òbí òun wà níbi tí wọ́n kú sí, ìyẹn lẹ ṣe ń gbin igi yìí. Ẹ pe Àmúsà wá sípàdé. Haleemah sọ fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá jẹ́wọ́, màá dárí jì yín." Àmúsà ní, "Haleemah, ó wù mí kó o dárí jì mí. Àmọ́ mi ò lè jẹ́wọ́ ohun tí mi ò ṣe." Ẹ hó lé e lórí. Haleemah kẹ̀yìn sí i, ó wá gbórí lé èjìká mi, ó ń sunkún. Èjìká tèmi! Látìgbà náà ni mi ò ti rí oorun sùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni bá sáré wá sọ fún yín pé ẹ̀yà kan ti pa èèyàn yín, ẹ bi í pé ta ló rí òkú. Kẹ́ ẹ tó gbé ẹsẹ̀, ẹ bi í. Oyèníran, ìwọ ni alága, tó o bá fẹ́ pe ọlọ́pàá, mo wà nílé. Roqeeb, fi aṣọ mi sílẹ̀, jẹ́ n parí ọ̀rọ̀ mi.

Àmúsà, mo rí ẹ níbi gọ́tà tó o dúró sí. Wọn ò gbé àga fún ẹ. Wá jókòó sórí tèmi, ìwọ lo máa bomi rin igi yìí. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Haleemah, mi ò ní kó o dárí jì mí lónìí. Màmá lo ti ń pè mí látìgbà tó o ti dé. Láti ìsinsìnyí lọ, orúkọ tó bá wá sí ẹ lẹ́nu ni kó o pè mí. Màá jẹ́ ẹ.